Ẹni tó ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ro owó epo: ọ̀rọ̀ kíndìnrín tuntun àti àpò oníṣòwò kékeré

Bí ènìyàn bá ń ná ọjà agbègbè Ìbàdàn déédéé, yálà ní Mọníyà ni o, ní Lálúpọn ni o, ní Ẹrúnmu tàbí ní Àkànràn, yóò ti bá wọn pàdé rí. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni wọ́n, àwọn mìíràn á sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí. Wọ́n á lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ pátákó, wọ́n á gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, wọ́n á máa bẹ ará ọjà pé kíndìnrín ẹni àwọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé ọsibítù ti dárúkọ iye mílíọ̀nù tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n ṣàánú. Aláta á ju náírà sínú ike, ẹlẹ́ran á fi tirẹ̀ sí i, ọlọ́kadà tó dúró de èrò kò ní ṣàì mú nǹkan kan jáde.

Ohun tó dára ni. Ìwà ọmọlúàbí tó ṣì kù nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń dá owó náà kì í sábà bèèrè, tí àwọn tó ń gba owó náà pàápàá kì í rántí títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí. Ìbéèrè náà ni pé, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ tán, tí aláìsàn padà sílé, tí gbogbo ènìyàn ti kí i kú ewu, ta ni yóò máa ra òògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀? Ẹni tí kò bá ní èsì sí ìbéèrè yìí kò tíì mọ iye tí kíndìnrín tuntun jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan oníṣòwò kékeré ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé òun kò ní owó oṣù tí ìjọba ń san, kò sì ní iléeṣẹ́ tí yóò bá a gbé e.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954 ni Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó kọ́kọ́ yọrí dáadáa ní ìlú Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kíndìnrín kan ni wọ́n yọ lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sára Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì tó jọra bí ìmumu ni wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ara Richard kò fi ta kíndìnrín náà nù. Ọdún 8 ló tún lò láyé lẹ́yìn náà. Ní 1990, wọ́n fún Murray ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Àmọ́ ènìyàn mélòó ló ní ìkejì tó jọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Bí ìbejì ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ Yorùbá, tí òkìkí Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí sì kàn káyé nítorí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe irú ìbejì ti Ronald àti Richard.

Òògùn ló wá ṣí ọ̀nà fún àwọn yòókù. Ara ènìyàn a máa dá àlejò mọ̀, bó bá sì ti rí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò gbógun tì í. Láàárín 1970 sí 1972, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ òògùn Sandoz ní Switzerland rí ohun kan lára olú tín-ín-tín tó wà nínú erùpẹ̀ tí wọ́n bù wá láti Norway. Òun ni wọ́n ń pè ní cyclosporine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní 1983. Ní 1984, àwọn ará Japan náà rí tacrolimus láti inú erùpẹ̀ agbègbè òkè Tsukuba. Iṣẹ́ òògùn wọ̀nyí ni kí wọ́n pàrọwà fún ara, kó má baà lé àlejò náà jáde. Àwọn ni wọ́n sọ pípààrọ̀ kíndìnrín di ohun tí ọmọ lè ṣe fún ìyá, tí àbúrò lè ṣe fún ẹ̀gbọ́n, tí ìyàwó lè ṣe fún ọkọ.

Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn pátápátá. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ọsibítù St. Nicholas, l'Ékòó. Ní 2002, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe tiwọn, àwọn sì ni ọsibítù ìjọba tó kọ́kọ́ ṣe é. UCH, n'Ìbàdàn, náà ti ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń sin adìẹ ní Akínyẹlé, tàbí ẹni tó ń yan gaàrí ní Lágelú, kò nílò ìwé ìrìnnà láti rí dókítà tó mọ iṣẹ́ náà. Mọ́tò tó ń gbé e lọ sí Bódìjà lè gbé e dé ẹ̀bá ibẹ̀. Ní ti ìmọ̀, ọ̀nà ti kúrú. Ní ti owó ni ọ̀nà ṣì jìn, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀nà náà parí sí, ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé òun, kó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Obìnrin kan tó fẹ́ dá ẹ̀rọ sílẹ̀ yóò tu owó jọ, yóò yá díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, yóò sì rà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, wọ́n á bá a yọ̀, ọ̀tí ẹlẹ́rìndòdò á ṣàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní owó dísù, tí kò ní owó ọ́ìlì, tí kò sì ní owó mẹkáníìkì tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí oṣù kẹta tó pé, ẹ̀rọ náà ti di irin jákujàku lẹ́yìnkùlé. Kò sí oníṣòwò tí kò mọ èyí. Owó ẹ̀rọ yàtọ̀, owó epo yàtọ̀.

Bí kíndìnrín tuntun ṣe rí gan-an nìyẹn. Mílíọ̀nù tí wọ́n ń kó jọ láàárín ọjà, owó ẹ̀rọ ni. Òògùn tó ń pàrọwà fún ara ni epo. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ní àkókò kan náà, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún wà tí wọn yóò máa ṣe lóòrèkóòrè láti mọ̀ bóyá òògùn náà pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú òògùn wọ̀nyí wá, bí dọ́là bá ti fò sókè báyìí, òun náà á fò tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ tàbí kẹ́míkà oko mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí pé irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà tirẹ̀ náà.

Nígbà tí owó bá tán, ohun tí aláìsàn máa ń ṣe kì í ṣe pé yóò pariwo. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún un lò ni. Èyí tó yẹ kó lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, yóò lò ó lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó yẹ kó lò lónìí, yóò fi sílẹ̀ di ọ̀la, nítorí pé kò rí i kí ara ro òun. Ara kò sì ní í ro ó lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá máa fi mọ̀, ara ti rí àlejò náà, ó ti bá a jà, ó sì ti ṣẹ́gun. Kíndìnrín tí àbúrò yọ̀ǹda, tí gbogbo ọjà dáwó lé lórí, tó sì lè ṣiṣẹ́ ju ọdún 10 lọ dáadáa bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, á wá bàjẹ́ lọ́wọ́ àìtó owó òògùn. Òfò méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni, nítorí pé ẹni tó yọ̀ǹda tirẹ̀ kò lè gbà á padà.

Aláìsàn náà yóò sì padà sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, níbi tó ti wá. Ìṣirò ti ibẹ̀ náà kò ṣòro. Ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ ni pé kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nígbà tó jẹ́ 50,000 náírà lẹ́ẹ̀kan, 600,000 náírà ni ọ̀sẹ̀ 4 ń jẹ. Ṣọ́ọ̀bù wo ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Ẹ̀gbẹ́dá ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wọlé lóṣù? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti dín owó náà kù sí 12,000 náírà ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, UCH sì wà lára wọn. Èyí jẹ́ 144,000 náírà fún ọ̀sẹ̀ 4. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí wọ́n gba oríyìn. Síbẹ̀, owó tí kò kéré ni fún ẹni tí àìsàn ti ká lọ́wọ́ kò, tí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí orí ibùsùn ọsibítù.

Ibi tí ó yẹ kí ìjọba tún fẹsẹ̀ kàn nìyí. Bí wọ́n bá lè fi owó ti fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn, òògùn ẹni tó ti gba kíndìnrín tuntun ló yẹ kó tẹ̀lé e. Ẹni tí òògùn rẹ̀ kò bá já kò ní padà wá jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò máa gba ọmọ iṣẹ́, yóò sì máa san owó orí. Ìjọba tó ń san owó ẹ̀rọ fún aláìsàn tí kò sì bá a dá sí owó òògùn dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi, tí kò dí ihò rẹ̀.

Àmọ́ oníṣòwò tó bá jókòó de ìjọba nìkan, ebi ló ń dúró dè. Ohun kan ló wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò fúnra wọn, tí wọ́n sì ti ń lò fún ohun mìíràn láti ìgbà pípẹ́. Ohun náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò sí abúlé tó tó abúlé láti Mọníyà dé Àkànràn tí kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yá ènìyàn lówó ra fíríísà, ra ọ̀kadà, ra irúgbìn, kọ́ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kù ni kí wọ́n ní àpò kan tó dá dúró, tí kò sí ẹni tí yóò yáwó nínú rẹ̀ fún òwò, tó jẹ́ pé ti ìlera nìkan ni. Kí oníkálukú máa fi díẹ̀ sí i lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ẹgbẹ́ sì máa yọ díẹ̀ kún un nínú èrè tí wọ́n ń pín lọ́dún.

Àwọn kan yóò sọ pé owó òwò ni owó alájẹṣẹ́kù, pé àìsàn ẹnìkan kò yẹ kó jẹ owó gbogbo ènìyàn. Ó jọ òótọ́ létí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ wo ìwé ẹgbẹ́. Ká mú un pé ẹnìkan ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó ní ọmọ iṣẹ́ 4, tó sì yáwó ẹgbẹ́ láti fi ra yanrìn àti sìmẹ́ńtì. Kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, yóò ta ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, yóò ta ilẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ 4 yóò túká. Ta ni yóò wá san owó ẹgbẹ́? Àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un ni. Àwọn náà ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, òwò tiwọn náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kọjá àánú. Ẹgbẹ́ tó bá dáàbò bo ìlera ọmọ ẹgbẹ́, owó ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò.

Lóòótọ́ ni pé àpò ẹgbẹ́ kan ní abúlé kò lè gbé gbogbo owó iṣẹ́ abẹ. Kò sì sí ẹni tó ní kó gbé e. Ohun tó lè ṣe ni owó epo. Ó lè mú kí òògùn má já ní oṣù tí ọjà kò tà. Ó sì tún lè san owó adójútòfò ìlera fún ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan kí olúkúlùkù ní adójútòfò ìlera, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní àjọ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní OYSHIA. Kí olórí ẹgbẹ́ lọ bá wọn jókòó, kó bèèrè ohun tí owó náà kájú àti ohun tí kò kájú, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ wá ka fún ìpàdé. Ohun tí kò bá kájú ni kí àpò ẹgbẹ́ wà fún.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò yọ̀ǹda kíndìnrín náà tún wà nílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ara alààyè ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ará ilé ẹni ló sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Àyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda ṣe pàtàkì gan-an láàárín Yorùbá. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àbùdá kan tí ènìyàn ń jogún, tí wọ́n ń pè ní APOL1, máa ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Irú àbùdá yìí kan náà ló ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ àìsàn sunrunsunrun tí eṣinṣin ń kó ràn ni, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé àwọn dókítà, New England Journal of Medicine, ní 2024, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà, fi hàn pé nínú àwọn 10 tí wọ́n yẹ̀ wò, bí 3 ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ni yóò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n jẹ́ lè wà lára àbúrò náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ ẹbí sáré kọjá ohun tí àyẹ̀wò bá sọ.

Ní ti iṣẹ́ abẹ ẹni tó ń yọ̀ǹda, nǹkan ti rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Láti 1995 ni àwọn dókítà ìlú Baltimore, l'Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé wọ́n lè ti ojú ihò kékeré yọ kíndìnrín ẹni tó ń yọ̀ǹda, láìla ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbàràgàdà. Níbi tí wọ́n bá ti ní irinṣẹ́ rẹ̀, ìrora á dín kù, á sì tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kò lè ti ọsibítù bọ́ sóko lọ gbé ọkọ́, alágbàrù kò sì lè gbé àpò sìmẹ́ńtì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò kọjá tí kò ní pawó. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba owó nítorí pé ó yọ̀ǹda ẹ̀yà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ pé wọ́n lè dá owó tó bá ná nítorí rẹ̀ padà fún un, níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Owó mọ́tò àti owó àyẹ̀wò lè wà nínú èyí. Kí ẹgbẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ọsibítù, kó sì ṣe é ní gbangba, pẹ̀lú ìwé.

Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ràn ni. Gbogbo ayé ló gbọ́ ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu ní London. Kíndìnrín ni wọ́n ń wá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta àwọn nǹkan èlò fóònù lójú títì Èkó ni wọ́n mú lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn dókítà ọsibítù Royal Free kò gbà á wọlé fún iṣẹ́ náà, nígbà tó sì yá, ọmọ náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ fi sẹ́nétọ̀ náà sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8, wọ́n fi ìyàwó rẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún 4 àti oṣù 6, wọ́n sì fi dókítà tó bá wọn dá sí i sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ohun tó yẹ kó dun oníṣòwò kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ ọjà bíi tirẹ̀ ni wọ́n lọ wá. Wọ́n wo ọjà tó ń tì kiri, wọ́n ní ẹni tó ń ta irú èyí á ta ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí abúlé tó ń ṣèlérí owó tàbí ìrìnàjò fún ọ̀dọ́ nítorí kíndìnrín, kí baálẹ̀ àti olórí ọjà pe ọlọ́pàá kí wọ́n tó bu omi fún un.

Àwọn mìíràn ti gbọ́ nípa kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì rò pé kò ní pẹ́ tí gbogbo ìyọnu yìí yóò fi dópin. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn dókítà Massachusetts General Hospital fi kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti tún àbùdá rẹ̀ ṣe sára Richard Slayman, ẹni ọdún 62. Ó kú kí oṣù méjì tó pé, ọsibítù sì sọ pé kò sí àmì pé kíndìnrín náà ló fà á. Towana Looney gba tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó lò ó fún 130 ọjọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́. Tim Andrews gba tirẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025, ó lò ó fún 271 ọjọ́. Ní 2025 kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tó gbòòrò. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yóò sì ní ìjókòó tirẹ̀ nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bó bá dé lọ́la pàápàá, òògùn ojoojúmọ́ kò ní kúrò nílẹ̀. Ara tó ń bá kíndìnrín ọmọ ìyá ẹni jà, báwo ni yóò ṣe fara mọ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ láìsí ìpàrọwà?

Ìdí nìyí tí owó tó kéré jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ èyí tí ènìyàn bá ná nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, méjèèjì ni kì í sì í pariwo bọ̀. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ìtọ̀ sì wà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kíndìnrín ti ń jo. Ẹgbẹ́ tó bá pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti ṣe ohun tí mílíọ̀nù kò lè ṣe lẹ́yìn ọ̀la. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Kẹta ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kíndìnrín káàkiri àgbáyé, wọ́n lè fi ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kí àgbẹ̀ tó ń lo òògùn ara ríro lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko sì ṣọ́ra, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ń ba kíndìnrín jẹ́ bí wọ́n bá pẹ́ lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo tí ẹni tó sè é kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, tí ẹni tó ń mu ún kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí ará ọjà má ju owó sínú ike mọ́. Kí wọ́n máa jù ú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé alájẹṣẹ́kù tó bá tẹ̀lé e, kí ẹnìkan dìde, kó bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ tiwọn yóò ṣe bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló wà nínú fọ́tò náà. Kí wọ́n má jẹ́ kí akọ̀wé ṣí ojú ewé mìíràn títí wọn yóò fi fẹnu kò sí iye tí oníkálukú yóò máa dá lóṣù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.